Ìhà tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ sí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Kòrónà ní Ilẹ̀ Yorùbá: Gbígbà, Kíkọ̀ àti Ìlọ́tìkọ̀

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ìhà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ilẹ̀ Yorùbá kọ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, pàápàá láàárín ọdún 2021 sí 2022. Ó fi hàn pé àìmọ̀kan nìkan kọ́ ló mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́ tìkọ̀. Ohun mẹ́ta tó so kọ́ra ló fà á: ìfọkàntán tó ti dínkù láàárín ọ̀dọ́ àti ìjọba, èrò pé àrùn náà kì í ṣe ti ọ̀dọ́, àti ìṣòro tó wà lójú ọ̀nà kí abẹ́rẹ́ tó kan ẹni tó fẹ́ ẹ. Ó tún yẹ ọ̀rọ̀ náà 'àjẹsára' wò, láti fi hàn pé ohun tí ọ̀rọ̀ ń gbé wá láti inú àṣà máa ń nípa lórí ohun tí a ń retí láti ọ̀dọ̀ oògùn tuntun. Àbá rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ògbufọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé, àti pé ìhà tó bá kọ sí abẹ́rẹ́ kì í mọ sórí ara rẹ̀ nìkan.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú-jíńjìn ti ń mẹ́kún sun. Wọ́n tún ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òwe méjèèjì fi hàn pé ìmúrasílẹ̀ de ewu kí ewu tó dé kì í ṣe ohun àjèjì sí èrò Yorùbá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí abẹ́rẹ́ tí a ṣe láti fi dènà àrùn dé, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kàwé, tó sì ń gbọ́ ìròyìn, fi dúró lójú kan tí wọn kò gbà á, tí wọn kò sì kọ̀ ọ́ pátápátá?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní ọdún 2019, kí Kòrónà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ìlọ́tìkọ̀ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ohun mẹ́wàá tó ń halẹ̀ mọ́ ìlera ọmọ aráyé. Ohun tí àjọ náà pè bẹ́ẹ̀ ni kí ènìyàn máa fi òní dọ́la, fi ọ̀la dọ́tunla, tàbí kí ó kọ abẹ́rẹ́, nígbà tí abẹ́rẹ́ náà wà ní àrọ́wọ́tó. Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí i. Ẹni tó kọ̀ ti parí èrò rẹ̀. Ẹni tó ń lọ́ tìkọ̀ ṣì ń rò ó, ó ń bèèrè, ó ń wo ojú ẹlòmíràn. Láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ kejì yìí ló yẹ kí a túbọ̀ fiyè sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ṣì lè wọ̀ wọ́n létí.

2.0 Àjẹsára nínú Èrò Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìlera àti àwọn oníròyìn ń lò ni 'abẹ́rẹ́ àjẹsára'. Bí a bá tú 'àjẹsára' palẹ̀, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'à', ọ̀rọ̀-ìṣe 'jẹ', 'sí' àti 'ara': ohun tí a jẹ sí ara. Kí oògùn òyìnbó tó dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà. Oògùn tí a jẹ kí ó lè wà lára de ewu ọjọ́ iwájú ni àjẹsára, ó sì yàtọ̀ sí àgbo tí aláìsàn ń mu kí ara rẹ̀ lè yá. Gbẹ́rẹ́ sínsín náà wà ní ìsọ̀rí yìí: a ó fi abẹ ya ara díẹ̀, a ó sì fi oògùn ra ojú rẹ̀ kí ó lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí a gún ara kí oògùn ìdáàbòbò lè wọlé kì í ṣe ohun tuntun. Abẹ́rẹ́ òyìnbó bá ilé tó ti ní yàrá fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dá wá. Ó máa ń gbé ẹrù àṣà rẹ̀ dání. Ẹrù kìíní ni ti ìfọkàntán. Ẹni tí ara ń ro lè gba oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìrora ń tì í. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni a ń fún ní àjẹsára ní tirẹ̀, kò sì sí ìrora kankan tó ń lé e. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un gbà ni pé ó mọ ẹni tó fún un. Onísègùn ní ilé, ó ní orúkọ, ó ní ọmọ ládùúgbò. Bí oògùn rẹ̀ bá ṣe aburú, ojúde rẹ̀ kò ṣòro rí. Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bèèrè nípa abẹ́rẹ́ Kòrónà, ìyẹn ta ló ṣe é, ta ló ti lò ó, kí ló ń wá, jẹ́ ìbéèrè tí ẹni tó mọ ìtumọ̀ àjẹsára gbọ́dọ̀ bèèrè.

Ẹrù kejì ni ti ìrètí. Nínú èdè ojoojúmọ́, ẹni tó ní àjẹsára ni ẹni tí nǹkan kò ràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ Kòrónà ń ṣe jù ni pé ó ń kọ́ ara láti dá kòkòrò náà mọ̀, kí ara lè tètè gbéjà kò ó, kí àìsàn má baà le débi ilé ìwòsàn tàbí ikú. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ṣì lè kó àrùn náà, pàápàá nígbà tí ẹ̀yà tí wọ́n pè ní Delta, àti Omicron lẹ́yìn rẹ̀, gbòde. Nígbà tí àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ikọ́ àti ibà, ó rọrùn láti parí èrò sí pé àjẹsára náà kò ṣiṣẹ́. Ní òtítọ́, ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ ló ṣèlérí ju èyí tí àwọn tó ṣe é ṣe lọ, àlàyé tó yẹ kó tẹ̀lé orúkọ náà kò sì tó.

3.0 Ìrántí tó Wà Nílẹ̀ kí Kòrónà tó Dé

Ìtàn abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilẹ̀ Yorùbá ti pẹ́. Ṣọ̀pọ̀ná, tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ gan-an tí wọ́n fi ń pè é ní Olóde tàbí Ilẹ̀gbóná, jẹ́ àrùn, ó sì jẹ́ òrìṣà. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ ìran Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní 1861 tó sì kú ní 1935, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó gbé ìjà ko àrùn náà ní agbègbè Èkó. Ìtàn sọ pé ó wọ ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn, kó tó máa gba àwọn ènìyàn níyànjú láti gba abẹ́rẹ́. Yálà a fara mọ́ ọgbọ́n tó dá tàbí a kò fara mọ́ ọn, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ó kọ́kọ́ lọ mọ ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́. Ní ọjọ́ 8, Oṣù Karùn-ún, ọdún 1980, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀ná ti kúrò láyé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣe é.

Ìrántí mìíràn korò ju èyí lọ. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan kú, ẹjọ́ ńlá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àdéhùn owó ìtánràn sì wáyé ní 2009. Oògùn ìwòsàn ni Trovan, kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n nínú ìrántí gbogbogbòò, ìyàtọ̀ yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá, tí Kano ṣíwájú wọn, dá abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọni di àgàn. Àrùn náà tàn kálẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n tó kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ irú rọpárọsẹ̀ tó ń jà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí orúkọ Pfizer tún yọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ Kòrónà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka ìtàn Kano ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

4.0 Bí Àrùn àti Abẹ́rẹ́ ṣe Dé

Ọjọ́ 27, Oṣù Kejì, ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ti wà ní Nàìjíríà: ará Ítálì kan tó gba Èkó dé Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tú àbùdá kòkòrò náà palẹ̀, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀kan lára ohun tí àwọn tó kọ abẹ́rẹ́ máa ń sọ ni pé ìmọ̀ òkèèrè ni, kò sí ọwọ́ wa níbẹ̀. Ọwọ́ wa wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nínú ọgbà yunifásítì kan láàárín ilẹ̀ Yorùbá.

Ní Oṣù Kẹta 2020, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Èkó àti Ògùn wọ inú kónílé-ó-gbélé ní ọjọ́ 30 oṣù náà. Ṣáájú èyí ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di Oṣù Kejìlá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba lo oṣù mẹ́sàn-án nílé, àrùn kọ́ ló sì fa gbogbo rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dé Abuja ní ọjọ́ 2, Oṣù Kẹta, ọdún 2021. AstraZeneca ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, nípasẹ̀ ètò COVAX. Ọjọ́ 5 oṣù náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá lílo abẹ́rẹ́ yìí kan náà dúró fún ìgbà díẹ̀ láti ṣe ìwádìí nípa ẹ̀jẹ̀ dídì. Àbájáde ìwádìí ni pé irú ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, àǹfààní abẹ́rẹ́ náà sì ju ewu rẹ̀ lọ. Ìròyìn ìdádúró yá lẹ́sẹ̀ ju ìròyìn àbájáde lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ti àkọ́kọ́, díẹ̀ ló dúró gbọ́ èkejì.

5.0 Ohun Mẹ́ta tó Fa Ìlọ́tìkọ̀

5.1 Ìfọkàntán

Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tọ́ka sí ìbẹ̀rù ìpalára tó lè tẹ̀yìn abẹ́rẹ́ yọ, ìyára tí wọ́n fi ṣe é, àti àìfọkàntán ìjọba. Ìyára náà ní àlàyé. Àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú ọgbọ́n tí wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Kòrónà tó dé. Owó tó wọlé pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì ń ṣe ìpele àyẹ̀wò kan mọ́ òmíràn dípò kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Àwọn ìpele náà kò dínkù. Ohun tó dínkù ni àkókò tí ìwé fi ń sùn lórí tábìlì.

Ti ìjọba ṣòro ju ti sáyẹ́ǹsì lọ. Ní Oṣù Kẹwàá 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú síta láti tako ìwà ipá ọlọ́pàá SARS. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn ológun yìnbọn ní ẹnubodè Lẹ́kí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn ènìyàn rí oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà tí wọ́n kó pamọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn èyí, ìjọba kan náà ní kí ọ̀dọ́ wá gba abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́ tó ronú pé ẹni tó kó oúnjẹ mi pamọ́ kò lè máa fi ọ̀fẹ́ wá ìlera mi ronú jinlẹ̀ nípa ìjọba. Ibi tó ti ṣìnà ni pé ó fi ìjọba díwọ̀n oògùn. Ní Oṣù Kejìlá 2021, nígbà tí wọ́n da abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó lé ní mílíọ̀nù kan nù ní Abuja nítorí pé ọjọ́ wọn ti kọjá, àwọn kan rí ẹ̀rí pé òkèèrè ń kó àjẹkù rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, dídà tí wọ́n dà á nù ní gbangba fi hàn pé wọn kò fẹ́ kí ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá wọ ara ẹnikẹ́ni.

5.2 Ìfojú-yẹpẹrẹ-wo-àrùn

Èrò kejì ni pé Kòrónà kì í ṣe àrùn ọ̀dọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀: àgbà ni ó ń pa jù. Èrò mìíràn tó gbilẹ̀ ni pé àrùn olówó ni, nítorí pé orúkọ àwọn ènìyàn ńlá ni àwọn ènìyàn ń gbọ́. Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ, kú ní Oṣù Kẹrin 2020, Abíọ́lá Ajímọ̀bí, gómìnà Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀ rí, sì kú ní Oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n ẹni ńlá ni ìròyìn ń dárúkọ. Aláìlórúkọ tí kò ṣe àyẹ̀wò ń kú láìsí ẹni tó kà á. Gómìnà Ṣèyí Mákindé náà ní àrùn yìí, ara rẹ̀ sì yá. Ó sọ ní gbangba pé òun lo oyin àti òróró èso dúdú. Àwọn tó gbọ́ parí èrò sí pé oògùn ìbílẹ̀ ti tó. Ohun tí wọn kò fi kún un ni pé ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní Kòrónà ń yá láìlo ohunkóhun, èyí tó mú kó ṣòro láti fi ìrírí ẹnì kan ṣoṣo jẹ́rìí oògùn.

5.3 Ìrọ̀rùn

Ohun kẹta ni àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wí máa ń gbàgbé. Nínú ètò ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló ṣíwájú, àwọn àgbà àti àwọn tó ní àìsàn mìíràn tẹ̀lé wọn. Ìpele ìkẹyìn ni ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 sókè tí ara rẹ̀ le wà. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ Moderna mílíọ̀nù mẹ́rin dé láti Amẹ́ríkà ní Oṣù Kẹjọ 2021 ni àyè tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n dáadáa. AstraZeneca ń fẹ́ ìgbà méjì, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá láàárín wọn. Ní àárín irú àkókò bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè ti kúrò ní ìlú. Ní Oṣù Keje 2021, Yunifásítì Èkó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ilé gbígbé nítorí ìgbì kẹta àrùn náà. Ní Oṣù Kejì 2022, ASUU tún yan iṣẹ́ lódì, oṣù mẹ́jọ ni ó gbà. Ẹni tó gba ìkíní ní Ìbàdàn lè wà ní Òkìtìpupa nígbà tí èkejì bá tó. Bí a bá ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tó kọ abẹ́rẹ́, a ti ṣì í kà.

6.0 Àhesọ àti Káàdì

Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ àhesọ ti rìn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ń mú kí gílóòbù tàn lápá ẹni. Wọ́n ní àmì ẹranko inú Bíbélì ni. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu Luc Montagnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008, pé gbogbo ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ yóò kú láàárín ọdún méjì. Ọkùnrin náà lòdì sí abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún méjì pé ní 2023, ó sì kọjá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àhesọ wọ̀nyí ní àwòṣe kan náà. Wọ́n máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí olùgbà mọ̀: ẹ̀gbọ́n, ìyá ìjọ, ọ̀rẹ́ ilé gbígbé. Ìkéde ìjọba a máa wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀. Nípa báyìí, irọ́ ní ohun tí àjẹsára ìbílẹ̀ ní tẹ́lẹ̀, ìyẹn ojúlùmọ̀, òtítọ́ kò sì ní i.

Ọ̀ràn ìrìnàjò fi ohun mìíràn hàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra láti jápa gba abẹ́rẹ́ nítorí káàdì rẹ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin kan jáde tí kò ka ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ní Nàìjíríà sí ẹni tó gba abẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé AstraZeneca kan náà ni. Wọ́n yí i padà ní oṣù tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ìròyìn tún ń jáde nípa àwọn tó ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ibi tí káàdì bá ti níye lórí ju oògùn lọ, àṣẹ nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀: ó lè mú ìwé wá, kí ó má mú ìlera wá.

7.0 Akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ògbufọ̀

Bí ewu ikú kò bá pọ̀ fún ọ̀dọ́, kí ló dé tí ìhà tí wọ́n kọ fi ṣe pàtàkì? Ìdí ni pé nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọmọ tó wà ní yunifásítì ni ilé ń bi. Òun ni ìyá àgbà ń gbé fóònù fún pé, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yìí?" Òun ló ń ka ìwé oògùn, òun ló ń sọ ohun tí dókítà wí. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá lọ́ tìkọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹni ọdún 70 tí àrùn náà lè pa ló pàdánù abẹ́rẹ́. Ọmọ náà kò sọ pé kí màmá má gbà á. Ó kàn ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná." Gbólóhùn kékeré yẹn tó.

Ibí yìí ni iṣẹ́ kan àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò àti ara. Nígbà tó bá délé, ó mọ ohun náà, kò mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Kò ní ọ̀nà tí yóò fi ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ AstraZeneca kò ní kòkòrò Kòrónà gan-an nínú, pé àpèjúwe apá kan lára kòkòrò náà ló gbé wọ ara, bí ẹni fi àwòrán olè han ọdẹ kí olè tó dé. Àlàyé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro ní Yorùbá. Ẹni tó kọ́ ọ ní Yorùbá ló ṣọ̀wọ́n. Níbi tí àlàyé kò bá sí, àhesọ ni yóò gba àyè rẹ̀, nítorí pé àhesọ kì í dúró de ògbufọ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé ìlọ́tìkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní gbòǹgbò nínú ìtàn, nínú ìṣèlú, nínú ètò, àti nínú èdè. Sáyẹ́ǹsì nìkan kò lè fà á tu. Ohun mẹ́ta ló tọ́ kí a mú lọ. Àkọ́kọ́, kí a má pe ìbéèrè ní àìmọ̀kan. Ẹni tó bá bèèrè ló ṣì ń gbọ́. Èkejì, ojú lọ̀rọ̀ wà: olùkọ́, nọ́ọ̀sì ọgbà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ̀ lè ṣe ohun tí ìkéde rédíò kò lè ṣe. Ẹ̀kẹta, kí orúkọ má ṣèlérí ohun tí oògùn kò lè mú ṣẹ; ibi tí a bá ti pe 'àjẹsára', kí a sọ irú ààbò tó ń fúnni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí pẹ̀lú Kòrónà. Ní Oṣù Kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Àhesọ tó kọ́kọ́ tẹ̀lé e ni pé ó ń sọni di àgàn, ọ̀rọ̀ Kano 2003 kan náà ní ẹnu mìíràn. Àwọn tí ìyá àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí yóò bi léèrè ni ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní yunifásítì. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún un, àti èdè tí wọ́n bá fi fún un, ni yóò sọ bóyá ọmọ náà yóò na apá tàbí yóò fà á sẹ́yìn.